Bí ìrànwọ́ láti Ìbàdàn ṣe lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ogun wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Borno

Lọ́dọọdún ni mo máa ń rí i. Ìròyìn burúkú á ti Borno wá, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan ní Ìbàdàn á kéde ìrànwọ́, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àpò aṣọ á ti kún yàrá ẹ̀yìn dé àjà. Ẹ padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: àpò ṣì wà níbẹ̀. Eku ti dá àpò ìrẹsì lu. Ẹni tó ní òun yóò bá wọn fi tírélà gbé e kò gbé fóònù mọ́. Owó tó kù nínú àpótí ti di jẹnẹrétọ̀.

N kò bú ẹnikẹ́ni o, èmi náà ti ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ àdúgbò wa rán ẹrù lọ sí Maiduguri, ẹ̀lùbọ́ la fi ṣáájú, ẹ̀lùbọ́ ojúlówó láti Ṣakí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n pín in, obìnrin tó bá wa gbà á lọ́hùn-ún pè wá, ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé irú ìyẹ̀fun wo nìyí, ṣé kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́? Wọ́n ti rò ó bíi túwó, ó dúdú mọ́ wọn lójú, àwọn ọmọ ò fẹnu kàn án. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, inú ẹ̀lùbọ́ yẹn ni ó ti wá. Ó wà fún ẹgbẹ́ kékeré, irú tiwa tó kó ṣọ́ọ̀ṣì kan àti mọ́ṣáláṣí méjì pọ̀. Àwọn àjọ ńlá ní ìlànà tiwọn.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó kéde ohunkóhun

Èèyàn márùn-ún, kí wọ́n má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: akápò, akọ̀wé, ẹni tó mọ ọjà rà, ẹni tó gbọ́ Hausa dáadáa, àti àgbà obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ àṣírí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni ìkarùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ní, òun sì ni iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ jù.

Àkáùntì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, tí èèyàn méjì láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń fọwọ́ sí. Tọkọtaya kì í ṣe èèyàn méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹgbẹ́ yín kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ lo àkáùntì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń rí sí owó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.

Ìwé àkọsílẹ̀ méjì: ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún ẹrù. Ẹ má fi ọ̀kan kọ ìkejì.

Ẹ tún nílò ògbifọ̀. Ní Sábo, ẹ ó rí ẹni tó gbọ́ Hausa ká tó pe ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹni tó gbọ́ Kanuri. Kanuri ni èdè abínibí ọ̀pọ̀ àwọn ará àáríngbùngbùn Borno, ìyá àgbà tí kò gbọ́ Hausa tó bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wọn. Àwọn ará Chibok àti gúúsù Borno tún ní èdè tiwọn.

Ìpele 1: Ẹ wá ẹni tó wà lọ́hùn-ún

Kí ẹ tó wá kọ́bọ̀ kan, ẹ wá ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó mọ ilé tí ebi wà, tí yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹrù yín bá tán. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ CAN, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn Kristẹni, ẹ̀ka Borno, ọ̀dọ̀ ìjọ EYN, tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pọ̀ níbi tí ogun Boko Haram ti jà jù, tàbí ọ̀dọ̀ dáyósíìsì Kátólíìkì ti Maiduguri. Àwọn Mùsùlùmí lè gba ọ̀dọ̀ FOMWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí. Red Cross ti Nàìjíríà ní ẹ̀ka níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé Yorùbá wà ní Maiduguri tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó ṣe àgùnbánirọ̀ (NYSC) lọ́hùn-ún nígbà kan lè ṣì ní nọ́ńbà ìyá onílé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wá méjì tí wọn kò mọ ara wọn. Ẹ bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, kí ẹ wá fi ìdáhùn wọn wé ara.

Ibi tí èèyàn ti máa ń kùnà nìyí: àwòrán ọmọdé tó ń sunkún á bọ́ sórí WhatsApp, nọ́ńbà àkáùntì á tẹ̀lé e, orúkọ èèyàn kan ṣoṣo ló sì wà lórí àkáùntì náà. Ojú àánú á ti fa owó jáde kí ọpọlọ tó jí. Ẹ rántí pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 lórí ìdènà ìpániláyà kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú owó tó bá dé ọwọ́ àwọn tó ń jà. Pé sàráà ni ẹ pè é kò ní kí wọ́n má bi yín léèrè.

Àṣìṣe kejì ni pé kám̀pù àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Láti ọdún 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti ń ti àwọn kám̀pù ńlá inú Maiduguri pa. Inú yàrá tí wọ́n háyà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbátan, tàbí àwọn ìlú tí wọ́n dá wọn padà sí bíi Bama àti Konduga ni ẹ ó ti rí ọ̀pọ̀ wọn báyìí. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n sá fún ogun, tí omi tún wá lé wọn kúrò níbi tí wọ́n sá sí, nígbà tí ìdídò Alau ya wọ Maiduguri ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Irú àwọn wọ̀nyí kì í sí lórí àkọsílẹ̀ kám̀pù kankan.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bi ẹni náà pé agbo ilé mélòó ni, ta ló kọ orúkọ wọn, kí ló pín kẹ́yìn, ta sì ló fi ránṣẹ́ tí a lè pè? Tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Tó bá jẹ́ "ẹ ṣáà fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín" ló ń sọ, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìpele 2: Ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bi. Bí ọkùnrin nìkan bá dáhùn, oúnjẹ àti owó ni ẹ ó gbọ́. Ẹ ní kí obìnrin bá obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ìgbà náà ni ẹ ó gbọ́ ọṣẹ, aṣọ nǹkan oṣù, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀, àtùpà tí wọn yóò fi lọ ṣáláńgá lóru.

Oúnjẹ wọn ni ọkà bàbà, jéró, àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Òróró ni wọ́n fi ń sebẹ̀ jù. Epo pupa tí ọbẹ̀ wa kò lè ṣe aláìní, àlejò ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án ni aká máa ń gbẹ, tí ìkórè tuntun kò sì tíì dé. Oúnjẹ àti àwọ̀n ẹ̀fọn ló yẹ nígbà náà. Láti oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ ibẹ̀ ń gé èèyàn bí abẹ lóru, a ó wá máa sọ̀rọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ẹní. Ẹ má rán bùláńkẹ́ẹ̀tì lóṣù Kẹrin. Ooru ibẹ̀ nígbà náà máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Ìwọ̀n tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ fi ń ṣètò ni kálórì 2,100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 400 gíráàmù ọkà tàbí ìrẹsì, 60 gíráàmù ẹ̀wà àti òróró díẹ̀. Ẹ gbé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà lé e. Àpò ìrẹsì kílò 25 tí gbogbo wa ń fi ya fọ́tò, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló máa gbé wọn. Oṣù kan gba kílò 72, àti ẹ̀wà tó tó kílò 11. Torí náà, ẹ yàn: ṣé agbo ilé 20 ni ẹ fẹ́ bọ́ fún oṣù kan ni, tàbí 150 fún ọjọ́ mẹ́rin? N kò rò pé ìdáhùn kejì burú nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé òun ni ẹ yàn. Ní ti ọṣẹ, 250 gíráàmù ìwẹ̀ àti 200 gíráàmù ìfọṣọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ní ti omi, lítà 15 lójúmọ́, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kan ṣoṣo kò lè tó ìdílé. Kílò ni kí ẹ máa fi ṣírò o. Kóńgò Bódìjà kì í ṣe ẹgbẹ́ mudu wọn lọ́hùn-ún.

Àwọn ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ rán, bó ti wù kí ẹni tó mú un wá jẹ́ èèyàn pàtàkì tó:

Wàrà ìkókó inú agolo àti ìgò ọmú. Níbi tí omi kò ti mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi sí ọmọ lára, ọmú ìyá rẹ̀ á sì gbẹ. Owó yẹn, ẹ fi bọ́ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú.

Oògùn tó ṣẹ́kù nílé. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé ni pé oògùn tí a fi tọrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún kan sí i kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá nígbà tó bá débẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí aláìsàn kan ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kílíníìkì ra oògùn tiwọn.

Aṣọ tó bá jọ ti ṣọ́jà. Nínú àpò òkìrìkà, bí ẹ bá tú mẹ́wàá, ẹ ó rí ṣòkòtò aláwọ̀ ewé ológun kan. Ẹni tí ẹ bá fi rán lè di ẹni tí wọ́n dá dúró níbi àyẹ̀wò, èyí tó sì burú jù ni kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ajílẹ̀ pẹ̀lú: nítorí pé wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù, wọ́n ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka àkọsílẹ̀ náà padà sí wọn létí lórí fóònù, kí ẹ ní kí wọ́n yọ nǹkan méjì kúrò. Ẹni tí ẹ bá bi pé "kí la fi kún un?" á sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Ẹni tí ẹ bá ní kó yọ nǹkan kúrò ni yóò sọ òótọ́.

Ìpele 3: Owó ni àbí ẹrù?

Èrò tèmi nìyí: bí ẹ bá ní náírà márùn-ún, ẹ fi mẹ́rin ránṣẹ́ ní owó. Ọjà ń ná ní Maiduguri. Ẹ̀wà tí ẹ ń rà ní Bódìjà, òkè Ọya ni wọ́n ti gbé púpọ̀ rẹ̀ wá. Ẹ wá tún ń sanwó ọkọ̀ láti sìn ín padà sílé.

Ẹrù tó tọ́ kí ó ti Ìbàdàn lọ ni ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe tàbí tí owó rẹ̀ wọlẹ̀ níhìn-ín: páàdì aláṣọ tí àwọn télọ̀ wa rán tó ṣeé fọ̀, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé láti aṣọ Gbági, ìwé ìkọ̀wé láti Agbeni.

Nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, àkáùntì ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọ ni kó wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni kí ẹ pín in. Ìdajì kejì kò gbọdọ̀ kúrò ní Ìbàdàn kí rìsíìtì ìdajì kìíní tó dé. Ẹ gba iye owó láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó dé ọwọ́ ìdílé fúnra wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye àwọn tó ní NIN àti àkáùntì, nítorí iná ogun ti jó ìwé ọ̀pọ̀ wọn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi owó tí kò tó nǹkan dán an wò, kí ẹ ka iye ọjọ́ tó gbà kí ìròyìn tó padà wá.

Ìpele 4: Ìkójọ níhìn-ín

Ẹ má kéde pé "ẹ mú ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn wá." Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, bàtà gíga, aṣọ ìyàwó àti tẹlifíṣọ̀n tí kò ríran ni ẹ ó rí. (Àpẹẹrẹ kọ́ ni mo ń ṣe. A rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.) Ẹ kéde nǹkan mẹ́rin pẹ̀lú iye: ọṣẹ kílò 200, páàdì aláṣọ 300, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dá ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ sì parí lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá gbé aṣọ wá ńkọ́? Àgbà ni yóò dá a lóhùn, kì í ṣe ọmọ kékeré: "Ìyá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí ni ọṣẹ. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó wà nítòsí." Bó ti wù kí wọ́n bínú tó, ẹ má gbà á.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, sàká lọ́tọ̀, sàráà lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí èèyàn mẹ́jọ ni Kùránì dárúkọ fún sàká. Ará ibi ogun tó jẹ́ tálákà wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fa owó ọkọ̀ tàbí owó alábàárù yọ nínú rẹ̀, ẹ bi ímáàmù yín. Kí akọ̀wé fi yíǹkì ọ̀tọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

*Àyẹ̀wò:* lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ìwé owó àti àlẹ́ẹ̀tì báńkì gbọ́dọ̀ bára mu, ẹni tí kì í ṣe akápò ni kó sì ṣàyẹ̀wò rẹ̀.

Ìpele 5: Ìdì àti ojú ọ̀nà

Ohun kan náà ni kó wà nínú àpò kan. Ẹ kọ iye àti ìwọ̀n sí i lára ní Yorùbá àti Hausa, ẹ má kọ orúkọ ìjọ tàbí ti olóṣèlú sí i.

Ọ̀nà jìn, ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan lọ dáadáa. Tírélà tó já alùbọ́sà tàbí màálù sílẹ̀ ní Bódìjà tàbí Ọ̀jọ́ọ̀ ń wá ẹrù àpadàlọ, owó rẹ̀ á sì dín sí ti ọkọ̀ tí ẹ bá pè fúnra yín. Ẹ san ìdá kan ṣáájú, kí ìyókù di ìgbà tí ẹrù bá sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀ àti waybill gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbà á.

Maiduguri ni kí ọkọ̀ yín dúró sí. Ohun tó bá ń lọ sí àwọn ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó mọ ọjọ́ tí ṣọ́jà ń sin ọkọ̀ ni kó gbé e. Ẹ sì kìlọ̀ fún awakọ̀ pé ojúmọmọ ni kó rìn láti Damaturu sí Maiduguri. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ní Auno, àwọn arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ ṣú mọ́ kí wọ́n tó wọ ìlú ni àwọn agbébọn kọlù lójú oorun. Ó kéré tán, èèyàn 30 ló kú. Sísùn sí Damaturu kò ba ẹrù kankan jẹ́.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹni tó gba ẹrù ka àpò lójú awakọ̀, kó sì fi iye tó kà ránṣẹ́ kí ẹ tó sọ iye tí ẹ kó sínú ọkọ̀ fún un.

Ìpele 6: Pínpín

Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi àríyá ọmọdé kan ní Baṣọ̀run, èrò tẹ ọmọdé 35 pa. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní Okija, níbi tí àwọn èèyàn ti lọ gba oúnjẹ. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kéde lórí rédíò lọ́hùn-ún. Kí wọ́n pín táàlì nílé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí táàlì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀, agbo ilé 20 fún wákàtí kan, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé lọ́tọ̀, àbájáde lọ́tọ̀. Aláboyún, arúgbó àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí wọ́n gbé tiwọn dé ilé.

Orúkọ obìnrin ni kó wà lórí táàlì ilé. Ọ̀pọ̀ ọkọ ti kú, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ, ìwé tí a fi orúkọ baálé kọ á sì yọ àwọn tí kò ní baálé mọ́ kúrò.

Kò sí ọ̀rọ̀ ìkínni káàbọ̀. Kò sí àlejò pàtàkì. Oòrùn ibẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú orúkọ mẹ́wàá nínú àkọsílẹ̀ láì jẹ́ kí ẹni tó pín in mọ èyí tí ẹ mú, kí ògbifọ̀ pè wọ́n, kí ó béèrè ohun tí wọ́n gbà. Tí méjì bá dárúkọ iye tó yàtọ̀, ẹ pè sí i.

Ìpele 7: Ìtùnú àti àdúrà

Ọwọ́ tó ń fúnni lóúnjẹ àti ẹnu tó ń gbàdúrà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan náà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ebi ń pa yóò ṣe àmín sí ohunkóhun tí ìrẹsì bá wà níwájú rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ti ọkàn wá. A kì í fi ìwé ìwàásù sínú àpò. Lọ́dọ̀ wa, Ìyá Àdínnì ló ń pe àwọn Mùsùlùmí, ìyá ìjọ kan ló ń pe àwọn Kristẹni, ẹni tó bá sì ní òun kò fẹ́ àdúrà, ìpè rẹ̀ kò dín sí ti ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó máa pè títí ayé. Ẹ ṣèlérí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, ohùn kan náà, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Àwọn tí gbogbo nǹkan ti já kulẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ń ka ọjọ́ jù yín lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àjọ ìlera àgbáyé fi kọ́ni nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2011 fún irú ìrànwọ́ yìí: wò, fetí sílẹ̀, so pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni náà wà nínú ewu tàbí ebi ní wákàtí yìí gan-an, torí orin ìyìn kò ṣeé fi ti ebi. Lẹ́yìn náà ẹ fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ṣe é. Fífetí sílẹ̀ ló le jù fún wa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lórí fóònù máa ń ba Yorùbá lẹ́rù, a ó sì fi òwe dí i. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Ẹ má béèrè bí wọ́n ṣe pa ẹnikẹ́ni. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.

Ẹ má sọ pé "Ọlọ́run ló fún ni, òun ló gbà á." Jóòbù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nípa àwọn ọmọ tirẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ fún un. Ẹ má sọ pé ó sàn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní Hausa, "Sannu da haƙuri" àti "Allah ya sauƙaƙa" tó fún ìpè àkọ́kọ́. Bí Kristẹni kan bá ní kí ẹ ka nǹkan fún òun, Orin Dáfídì 13, tó ń béèrè pé yóò ti pẹ́ tó, máa ń wọlé ju orin ìṣẹ́gun lọ.

Ibi tí mo ti rí i tó burú jù nìyí. Obìnrin kan sọ fún wa pé wọ́n kó ọkọ òun lọ. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ wa, èèyàn dáadáa, gba fóònù, ó ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún olóògbé, kó sì tu ìyàwó nínú. Ọmọkùnrin tó ń gbifọ̀ fún wa dákẹ́. Bàbá ní kó máa bọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè sọ ìyẹn fún un. Kò sọ pé ó kú." Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ló gbà wá lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n kó lọ, àdúrà ẹni tó wà láàyè ni kí ẹ gbà fún un, títí aya rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi sọ ohun mìíràn. A kì í kí i ní "ẹ kú aráféraku."

Opó Mùsùlùmí wà nínú opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tó bá lóyún sì di ìgbà tó bá bímọ. Obìnrin ni kó pè é nígbà náà.

Àwọn ọmọbìnrin tó ti ọwọ́ àwọn agbébọn padà wá, àwọn aládùúgbò wọn míì ń fojú ìyàwó ọ̀tá wò wọ́n. Ìtàn wọn kì í ṣe ẹ̀rí tí à ń jẹ́ nínú ìjọ. Ẹ má dárúkọ wọn níwájú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dárúkọ wọn nínú àdúrà. Ẹ rántí pé àdúrà ọjọ́ Àìkú yín ń lọ lórí Facebook.

Bí ẹni náà bá sọ pé òun fẹ́ kú, tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ òru, tí kò jẹun, tàbí tó ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú ọmọ rẹ̀, kí ẹni yín lọ́hùn-ún mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ lè máa gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń lọ. Kí ẹni tó ń pè náà ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá ìjọ wa kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìpè kan, kò sì sọ fún wa. Láti ìgbà náà, èèyàn márùn-ún péré ni ẹnì kan ń pè lọ́sẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ní ìpè kẹrin, ṣé ó ti sọ ohun kan tí kò kan ìrànwọ́, iye tí wọ́n ń ta tòmátì, ehín ọmọ tó ń mì? Ṣé ó ti lè sọ pé "kì í ṣe lónìí" nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbàdúrà? Tó bá ṣì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ kíákíá, ẹ̀rù yín ló ń bà á.

Ìpele 8: Ìròyìn fún àwọn tó dáwó

Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lẹ iye tó wọlé, iye tó jáde àti èyí tó ṣòfò mọ́ ara pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó ṣòfò pẹ̀lú. Àwa kọ ẹ̀lùbọ́ síbẹ̀, owó tó wọlé lọ́dún kejì sì ju ti ìkíní lọ. Fọ́tò àpò àti ọwọ́ tó, kò sí ojú ọmọdé, kò sí orúkọ àdúgbò, kò sì sí ìkéde ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o fún àwọn tó nílò rẹ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjàa'ba kí oṣù náà tó parí, ẹ gbálẹ̀, kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni ín.